Òkè Tara: Koríko Lásán Kọ́ Ni

(Ọ̀rọ̀ tí Admin sọ nínú voice note mẹ́rin ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò tó, àti àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.)

OHÙN KÌÍNÍ: ibi tó wà àti bí a ṣe ń débẹ̀

Ẹ̀yin ti Kano, ẹ̀yin ti Kaduna, ẹ̀yin ti Jos, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Onitsha àti Aba, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú owó mọ́tò tó ń gun òkè lójoojúmọ́. Ẹni tó tajà lọ́sẹ̀ yìí tí kò rí èrè, Ọlọ́run á fi èrè sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ju ìpolówó ọjà sí àárín ọ̀rọ̀ yìí, kí àwọn ohùn náà lè tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ rántí pé nígbà tí mo dé láti Ireland, níbi tí mo ti lọ bá àbúrò mi wẹ ọmọ, mo gbé àwòrán òkè kan síbí. Bọ̀ọ̀dá wa kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Admin, ṣé koríko yìí lẹ náwó lọ wò?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mélòó nínú yín ló ní ọmọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún báyìí? Wọ́n ń pè yín pé kí ẹ wá kí àwọn. Bí ẹ bá débẹ̀, wọ́n á mú yín lọ sí irú ibi báyìí, ẹ̀yin náà á sì dúró lórí koríko, ẹ ó máa wojú ara yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n dáhùn ìbéèrè náà kó délẹ̀.

Orúkọ òkè náà ni Tara. Ní èdè onílẹ̀ wọn, Teamhair na Rí ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Tara àwọn ọba. Àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Meath ló wà, nítòsí ìlú Navan. Bí ọ̀nà bá dá, mọ́tò kò gbà ju wákàtí kan lọ láti Dublin.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, torí ó lè kó èèyàn sí wàhálà. Ireland tí mò ń wí yìí kì í ṣe UK o. Orílẹ̀-èdè tó dá dúró ni, euro ni wọ́n ń ná, físà tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá gba físà UK sí pasípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tó wá ní òun á kàn fò láti London lọ sí Dublin lọ wo ọmọ, ó fẹ́ kí wọ́n dá òun padà ni. Apá àríwá erékùṣù náà, níbi tí Belfast wà, ìyẹn ló wà lábẹ́ UK. Lójú títì, ẹ ò ní rí géètì láàárín méjèèjì. Àmọ́ pé géètì ò sí kò túmọ̀ sí pé òfin ò sí.

Òkè náà fúnra rẹ̀, owó ìwọlé kò sí. Gbogbo ọdún ló ṣí sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan wà lẹ́bàá rẹ̀ tí wọ́n ti sọ di ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, tí wọ́n ti ń ṣàlàyé nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára. Ẹ wọ bàtà tó le, torí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rin. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, bí oòrùn ṣe wù kó ràn tó nígbà tí ẹ ń kúrò nílé. Atẹ́gùn orí òkè yẹn kò mọ ẹni tó ti Nàìjíríà wá yàtọ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má wá àpáta ńlá. Kò ga tó bẹ́ẹ̀. Koríko lẹ máa rí, àgùntàn tó ń jẹ̀, àti ilẹ̀ tó ga níhìn-ín tó kòtò lọ́hùn-ún bí ebè tí wọ́n ti pa tì. Ẹni tí kò bá rí ẹni ṣàlàyé fún un, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa lò, á ya fọ́tò, á ní òtútù ń mú òun. Ẹni tó bá rí ẹni ṣàlàyé, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹ dúró, mò ń bọ̀.

OHÙN KEJÌ: ohun tó wà lórí òkè

Mo ti dé. Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn ín.

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú máa bá ni òkìtì rìbìtì kan tí koríko bò. Wọ́n ń pè é ní Òkìtì Àwọn Ẹni Ìdógò. Ẹ mọ ìdógò, ohun tí a fi ń dúró lórí gbèsè. Láyé àtijọ́, bí ọba kan bá ṣẹ́gun ọba mìíràn, yóò gba ọmọ rẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹni yẹn má baà dalẹ̀. Ọba kan wà nínú ìtàn wọn tó ń jẹ́ Niall, tí wọ́n ń kì ní Niall Onídógò Mẹ́sàn-án. Ibi tí orúkọ òkìtì náà ti wá nìyẹn. Àmọ́ òkìtì náà ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ọba kankan tó wà. Ibojì ni, ó sì ti tó 5,000 ọdún. Wọ́n ti fi irin dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè yọjú wo òkúta inú rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ àmì róbótó-róbótó sí lára. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ November àti ní ìbẹ̀rẹ̀ February, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àárọ̀ máa ń wọ inú rẹ̀ tààrà.

Láàárín ọdún 1955 sí 1959 ni àwọn onímọ̀ wa ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n bá eérú àwọn òkú tí wọ́n sun, òkú tó pọ̀ gan-an. Wọ́n sì bá ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọ̀dọ́mọdé lọ, tí wọn ò sun ní tirẹ̀, tí wọ́n sin tìlẹ̀kẹ̀-tìlẹ̀kẹ̀. Èmi tí mò ń ta góòlù àti ìlẹ̀kẹ̀, ibí yìí ni ara mi ti dìde. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọ yẹn, oríṣi mẹ́rin ni wọ́n sín pọ̀: amber, òkúta dúdú tó ń dán, idẹ, àti èyí tí wọ́n fi iyanrìn mọ tí wọ́n sun níná títí tó fi ń kọ mànà. Amber kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ Meath. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnì kan rà á, ẹnì kan tà á, ẹnì kan gbé e kọjá omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 ọdún sẹ́yìn. Àwa kọ́ la bẹ̀rẹ̀ òwò ọ̀nà jíjìn o.

Kò tán síbẹ̀. Níbòmíràn lórí òkè kan náà, wọ́n wa ẹrù àwọn ará Róòmù jáde: ìfọ́kù dígí, ìfọ́kù ìkòkò wáìnì. Ẹ sì mọ̀ pé Róòmù kò fìgbà kan jọba lórí Ireland. Ọmọ ogun wọn kò débẹ̀ jọba, ṣùgbọ́n ọjà wọn dé. Ibi tí idà kò dé, igbá ọlọ́jà máa ń débẹ̀.

Tí ẹ bá rìn síwájú, ẹ ó rí òkúta kan tó dá dúró gbagidi, kò ga ju ọmọdé lọ. Lia Fáil lorúkọ rẹ̀, a lè pè é ní Òkúta Àyànmọ́. Ìtàn wọn ni pé bí ọba tó tọ́ sí oyè bá fẹsẹ̀ kàn án, òkúta náà á ké. Bí kì í bá ṣe ẹni tó tọ́, á dákẹ́. Mi ò ní kí ẹ gbà á gbọ́. Mo kàn ní kí ẹ wo ohun tí wọ́n fẹ́ nínú ìtàn náà: wọ́n ń wá ohun kan tí owó ò lè rà, tí kì í ṣe ojúsàájú, tí yóò sọ fún aráàlú pé ẹni báyìí ni. Ta ni nínú wa tí kì í wá irú òkúta yẹn nígbà ìbò?

Ó bani nínú jẹ́ pé àwọn kan ti fi òòlù lu òkúta náà ní 2012, wọ́n da ọ̀dà sí i lára ní 2014, wọ́n tún kọ ìkọkúkọ sí i ní 2023. Òkúta tó dúró ní gbangba, tí kò ní ẹ̀ṣọ́ lọ́sàn-án àti lóru.

Ó kù ẹyọ kan, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Bàbá arúgbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa lórí òkè yẹn. Nígbà tí a délé, ọkọ àbúrò mi wá ìwé tó wà nínú rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ọba kan wà ní Tara tó ń jẹ́ Lugaid Mac Con. Ọmọkùnrin kan wà láàfin rẹ̀ tó ń jẹ́ Cormac. Lọ́jọ́ kan, àgùntàn obìnrin kan wọ oko ayaba, wọ́n jẹ ewé aró rẹ̀. Ewé aró yẹn, bí ẹlú tiwa ni, òun ni wọ́n fi ń pa aṣọ láró. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn aláró Kofar Mata, ẹ mọ ohun tí mò ń wí, owó ni ewé yẹn. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ọba. Ọba ní kí obìnrin náà fi gbogbo àgùntàn rẹ̀ dí i.

Cormac, ọmọdé, ó ní, "Rárá o. Ìrẹ́run kan fún ìrẹ́run kan ni." Ó ní ewé ni àgùntàn jẹ, wọn ò hú gbòǹgbò. Ewé yóò tún hù. Nítorí náà, irun àgùntàn ni kí wọ́n gbà, torí irun náà yóò tún hù. Kí àgùntàn padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni í.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká fi ojú ọjà wò ó. Ọba fẹ́ gba owó òwò obìnrin náà. Cormac ní èrè ọdún yìí nìkan ni kí ẹ gbà. Tí o bá gba èrè ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ọ́, yóò ké, ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀ yóò tún wà lọ́jà, ìwọ àti òun á sì tún jọ ṣòwò. Tí o bá gba owó òwò rẹ̀, o ti pa á nìyẹn. Mélòó nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá sínú ẹgbẹ́ wa yìí ni ìdájọ́ ọmọ yẹn ìbá ti parí!

Wọ́n ní bí ọba ṣe dá ẹjọ́ èké yẹn, ìhà ilé tó ti dá a yẹ̀ lulẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Títí di òní wọ́n ń fi ibi tí ilẹ̀ náà ti dà sísàlẹ̀ hàn. Wọ́n tún ní fún odidi ọdún kan tí ọba náà fi wà lórí oyè lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn, koríko kò hù ní Tara, igi kò rúwé, ọkà kò yọmọ. Wọ́n lé e kúrò, Cormac sì di ọba.

Bọ̀ọ̀dá wa tó bi mí nípa koríko, ẹ ṣé o. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Lójú àwọn tó ni òkè yẹn, koríko tó ń hù níbẹ̀ ló ń sọ pé ìdájọ́ ìlú ṣì tọ́.

OHÙN KẸTA: àwọn ibi tó yí i ká

Ẹ má lọ sí Tara nìkan kí ẹ padà. Tí ẹ bá ní ọjọ́ méjì, àyíká rẹ̀ kún.

Àkọ́kọ́, òkè Slane. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, tiyín rèé. Patrick tí gbogbo ayé ń ṣe ọdún rẹ̀ ní March 17 kì í ṣe ọmọ Ireland. Wọ́n jí i gbé láti Britain nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, wọ́n tà á sóko ẹrú, ó da ẹran fún ọdún mẹ́fà kó tó sá lọ. Nígbà tó yá, ó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá wàásù fún wọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ní alẹ́ Àjíǹde kan, tí wọ́n sábà máa ń fi sí ọdún 433, òfin wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná kí iná ọba tó tàn ní Tara. Patrick tan tirẹ̀ lórí òkè Slane, ọba Lóegaire sì rí i láti Tara. Wọ́n ní bí ìjà òun àti ọba ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó kọ ìtàn náà sílẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìtàn oko ẹrú yẹn, Patrick fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Àlejò tí wọ́n rà bí ẹrù ló di ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ. Àwa tí a ń jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìkejì, Newgrange, lẹ́bàá odò Boyne. Èyí gan-an, owó ni ẹ ó san, ẹ sì gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ṣáájú, torí ó máa ń tán. Ẹ ò lè wa mọ́tò dé ìdí rẹ̀. Ibùdó àlejò lẹ máa lọ, wọ́n á fi bọ́ọ̀sì wọn gbé yín. Ibojì ńlá ni, ó fẹ̀ tó mítà 85, wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Jésù. Ó dàgbà ju pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ. Òkúta lásán ni wọ́n tò lé ara wọn tí wọ́n fi ṣe òrùlé yàrá inú rẹ̀, síbẹ̀ òjò kò jò wọ ibẹ̀ títí dòní. Ilé tí wọ́n kọ́ fún wa lọ́dún tó kọjá ń kọ́?

Lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n dá ihò kékeré kan sí. Ní àwọn àárọ̀ tí ọjọ́ kúrú jù lọ́dún, ní nǹkan bí December 21, oòrùn máa ń gba inú ihò yẹn wọlé, á rìn gba ọ̀nà tóóró inú rẹ̀, á dé yàrá ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìṣẹ́jú 17 péré. Lẹ́yìn náà òkùnkùn á padà. Àwọn tó ń fẹ́ wọlé láàárọ̀ yẹn pọ̀ débi pé ìbò ni wọ́n fi ń mú wọn. Lọ́jọ́ lásán, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀ han àlejò, ìyẹn náà sì tó kí ara èèyàn ṣe gììrì.

Ẹ fetí sí bó ṣe di mímọ̀. Tipẹ́tipẹ́ làwọn ará àdúgbò ti ń sọ ọ́ pé oòrùn máa ń wọ inú ibojì yẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò kà á sí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. J. O'Kelly, tó ń wa ilẹ̀ ibẹ̀, ló ní kí òun lọ wò ó. Ní December 1967, ó jókòó sínú òkùnkùn níbẹ̀ láàárọ̀. Oòrùn sì wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbẹ̀ ló tọ́.

Ìkẹta, ilé olódi Trim. Hugh de Lacy, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tó ti England wá gba ilẹ̀ wọn, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1170. Nínú irú ilé olódi bẹ́ẹ̀ ní Ireland, òun ló tóbi jù. Ẹ̀yin tí ẹ wo fíìmù Braveheart, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya apá kan rẹ̀. Àwọn ọmọdé á fẹ́ràn rẹ̀ ju Tara lọ, torí ògiri wà láti wò.

Ìkẹrin, tó jẹ́ tàwọn ọlọ́jà. Tí ẹ bá padà sí Dublin, ẹ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Kildare Street. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bèèrè Tara Brooch. Ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń de aṣọ mọ́ èjìká ni, bí àtẹ́lẹwọ́ ló ṣe tóbi, wọ́n fi fàdákà ṣe é, wọ́n fi okùn góòlù tín-ín-rín, amber àti dígí ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ti tó 1,300 ọdún. Mo ti ta góòlù fún ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ tó wẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kódà ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, wọ́n ṣe é bí ojú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn orúkọ rẹ̀. Wọn ò rí i ní Tara rárá! Ẹ̀bá òkun, ní Bettystown, ni wọ́n ti rí i ní 1850. Wọ́n ní ẹni tó rí i kọ́kọ́ gbé e lọ bá alágbàtà irin, ìyẹn ní kò wúwo tó, òun ò rà. Oníṣẹ́ aago kan rà á ní owó pọ́ọ́kú, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó gbé e lọ sí Dublin, ó tà á fún George Waterhouse tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́. Waterhouse ló sọ ọ́ ní Tara, torí ó mọ̀ pé orúkọ yẹn lóòrùn ọba nínú. Ó ń ṣe irú rẹ̀ tà, ó sì gbé ojúlówó lọ sí ìpàtẹ ńlá London ní 1851. Ọjà rẹ̀ yá.

Ṣé ẹ̀tàn ni àbí ọgbọ́n ọjà? Ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́. Iṣẹ́ náà dára, kò parọ́ lórí ìyẹn. Ibi tó ti wá ló fi orúkọ bò. Tèmi ni pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ọjà ti wá. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: òkè tí kò ní ààfin kan ṣoṣo lórí, orúkọ rẹ̀ nìkan tó mú ọjà yá ní London. Kí ló gbé orúkọ náà ró? Ẹnu àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ ni.

OHÙN KẸRIN: àwọn tó dìde fún un, àti àwa

Mi ò ní pẹ́ mọ́. Àwọn ọmọdé ti ń sùn.

Òkè yìí kò wà títí dòní láìsí ìjà. Ní May 26, 1798, nígbà tí àwọn ará Ireland dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pa nǹkan bí 400 èèyàn lórí òkè yẹn. Òkúta Àyànmọ́ tí mo sọ, wọ́n gbé e kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ kó lè jẹ́ àmì ibojì wọn. Ní August 15, 1843, Daniel O'Connell pe ìpàdé síbẹ̀ láti béèrè pé kí Ireland tún ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Àwọn kan ní èèyàn 750,000 ló wá, àwọn mìíràn ní mílíọ̀nù kan. Ì báà má tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò pè wọ́n sí ìgboro? Torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu.

Láàárín 1899 sí 1902, àwọn kan ti England wá. Wọ́n gbà pé ẹ̀yà Ísírẹ́lì tó sọnù làwọn, pé Àpótí Ẹ̀rí inú Bíbélì wà lábẹ́ ilẹ̀ Tara. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ gbà fún wọn. Douglas Hyde, Arthur Griffith, akéwì Yeats àti Maud Gonne ló pariwo, wọ́n kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, wọ́n lọ síbẹ̀. Wọn ò rí àpótí kankan. Kòtò ni wọ́n fi sílẹ̀, ó sì ba ibi tí wọ́n gbẹ́ jẹ́ títí dòní. Hyde yẹn ló wá di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ireland ní 1938.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà márosẹ̀ M3 gba àfonífojì tó wà láàárín Tara àti òkè Skryne. Ní 2007, níbi tí wọ́n ti ń tú ilẹ̀, wọ́n bá ojú ihò òpó igi àtijọ́ tó tò rìbìtì, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Lismullin. Àwọn kan lọ sí kóòtù, àwọn kan dúró síwájú katakata. Wọ́n ya àwòrán ibẹ̀, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà sì gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ṣí i ní June 2010.

Ọlọ́jà ni mí, mi ò lè dìbò lòdì sí ọ̀nà. Ẹni tó ti sun inú tírélà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja mọ ohun tí ọ̀nà tó dára jẹ́. Àwọn ará Navan tó ń ṣiṣẹ́ ní Dublin náà ń jìyà kí ọ̀nà yẹn tó dé. Àbúrò mi gbà á lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà ti lè gba ọ̀nà mìíràn wà, ibi tí Lismullin ti lè dìde padà kò sí. Ìdájọ́ Cormac ni mo fi wọ̀n ọ́n: èwo ló máa tún hù, èwo ni kò ní hù mọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwa fúnra wa. Àkọ́bí àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Lórí òkè yẹn, òun ló ń ṣíwájú wa. Ó ń ka Niall, ó ń ka Cormac, bí ẹni ń ka oríkì. Wọ́n kọ́ ọ níléèwé, inú mi sì dùn, torí ilẹ̀ tó ń gbé ni. Mo wá bi í pé, "Ìlú wo ni bàbá ìyá rẹ ti wá?" Ó ní, "Nàìjíríà." Mo ní, "Nàìjíríà wo?" Ó dákẹ́.

Ẹ má bú ìyá rẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ tiyín tó wà ní Sabon Gari níbí léèrè lálẹ́ yìí. Èmi bi tèmi nígbà tí mo dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Ìkejì nínú wọn mọ Ògúnlọlá àti bó ṣe pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, torí ó gbé lọ́dọ̀ ìyá mi fún ọdún méjì. Àwọn yòókù rò pé ibi tí a ti ń ṣe Kérésì ni. Ilé kan náà, oúnjẹ kan náà. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ẹnì kan jókòó sọ ọ́ fún ọ̀kan, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún àwọn tó kù.

Koríko ló wà ní Tara, kò sí ààfin, kò sí ìtẹ́. Síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ̀ ti Kano lọ mọ orúkọ ọba ibẹ̀. Ilé tiwa wà, ọba tiwa wà lórí ìtẹ́, ọmọ wa ò mọ̀ ọ́n. Àwa tí a kúrò nílé ló yẹ ká máa sọ ọ́ jù, torí àwọn tó wà nílé, ilẹ̀ yóò bá wọn sọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ bẹ ẹ̀bẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí admin. Láti Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí ẹnì kan máa fi voice note ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kó sọ ìtàn ibì kan ní ìlú rẹ̀: òkè kan, odò kan, igi kan, ojúde kan. Bí ìwọ ò bá mọ̀ ọ́n, pe bàbá tàbí ìyá nílé, jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ sínú fóònù, kí o gbé ohùn wọn wá gan-an. Kó má jẹ́ èyí tí o rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń kọ èyí, a ó sì fún àwọn ọmọ. Àwọn ará Ṣàkí ni yóò bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ló pariwo jù nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, Ọ̀fà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ sí Ireland, ẹ wá mi sí inbox, n ó ṣàlàyé bí mo ṣe tò ó. Bí ẹ bá dé Tara, ẹ má gun òkúta, ẹ má so ọ̀rá mọ́ igi tí ẹ bá rí tí wọ́n so àkísà mọ́, ẹ má ju ìdọ̀tí sílẹ̀. Ilé onílé ni. Kí ẹ wá ẹnì kan tó mọ ìtàn ibẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan, kí ẹ tó ya fọ́tò kankan.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ ká rìn jìnnà, ká rìn ire, ká sì padà bá ilé. Ọjà ọ̀la á tà. Ìbéèrè ti ṣí sílẹ̀ báyìí, ẹ máa kọ ọ́ wá. Ó dàárọ̀ o.